Máṣíìnì àkọ́kọ́ yín l'Ékòó: ẹ rò ó mọ́ ẹni tó máa jókòó sẹ́yìn

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ìyá àwọn ọmọ mi sẹ́yìn máṣíìnì, a ò tíì kọjá Adékúnlé tá a fi ṣubú. Ọkọ̀ kankan ò gbá wa. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló dá wa dúró. Mo fẹsẹ̀ ọ̀tún tilẹ̀, mo ń wo iwájú. Òun náà tajú kán rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta ẹ̀pà lápá òsì, ló bá yí gbogbo ara síbẹ̀, ó ń juwọ́ sí i. Ibi tí ìwúwo lọ, ẹsẹ̀ mi ò sí níbẹ̀. Kí n tó mọ̀, gbìì! Àwa méjèèjì ti wà nílẹ̀ níwájú dánfó kan. Kọ́ńdọ̀ rẹ̀ yọrí síta, ó ní, "Màmá, ẹ wọlé, Yábàá ni, ẹ mú ṣéńjì dání o."

Kò sẹ́ni tó fara pa, àfi dígí òsì tó fọ́ àti ojú tó tì mí. Ẹ̀bi tèmi ni. Ojú ni mo fi ra máṣíìnì yẹn, mi ò ro ìdí ẹnikẹ́ni mọ́ ọn, mi ò sì bá ìyàwó mi sọ gbólóhùn kan kó tó gùn ún. Ohun tí mo ti kọ́ láti ìgbà yẹn ni mo kó jọ síbí, fún ẹni tó ń wá máṣíìnì àkọ́kọ́, tó sì mọ̀ pé bó pẹ́ bó yá, ẹnì kan máa ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi dé ọ̀hún."

Ìkíní: òfin ló máa kọ́kọ́ bá yín yàn án

L'Ékòó, ohunkóhun tó bá ti ní ẹsẹ̀ méjì tó sì ń dún, ọ̀kadà ni. Orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan, Okada Air, làwọn èèyàn fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pe máṣíìnì èrò, torí pé ó máa ń fò kọjá gòsúlóò. Orúkọ ọ̀hún ló wá ń kó bá ẹni tí kì í fi tiẹ̀ ṣe owó.

Òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2012 lé ọ̀kadà kúrò ní òpópónà 475. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba fòfin dè é pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Etí-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Lagos Island, Lagos Mainland àti Àpápá. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n fi Kòsọ́fẹ́, Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Muṣin kún un. Ìjọba sì sọ ọ́ kedere pé ẹni tó wà á àtẹni tó gbé, àwọn méjèèjì ló máa jẹ̀bi. Èmi ń gbé Èbúté-Mẹ́ta, Broad Street ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti ẹnu ọ̀nà ilé mi dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, kò síbi tí ọ̀rọ̀ yìí ò dé.

Bajaj Boxer, TVS HLX, gbogbo àwọn 100, 125 àti 150 yẹn (cc ni, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó), máṣíìnì gidi ni wọ́n. Wọn kì í mu epo, mẹkáníìkì abẹ́ igi mọ̀ wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ẹ̀yà ara wọn ò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ gbé èèyàn sẹ́yìn Boxer ní Sùúrùlérè, kẹ́ ẹ wá máa sọ fáwọn tó dá yín dúró pé ìyàwó yín ni. Kò sí ọlọ́kadà tí kì í sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ìgboro ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá yẹn lẹ ti fẹ́ máa gùn ún, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ má ra èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré sí 200cc. Òfin 2012 yẹn yọ àwọn 200cc tó ń bá ilé iṣẹ́ kó ẹrù sọ́tọ̀, àtìgbà náà sì ni 200 ti di ààlà lójú ẹni tó ń dáni dúró lójú títì.

Ìwé rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà o, ẹ má ka ara táǹkì. Boxer tí wọ́n kọ 150 sí lára, 144.8cc ni. Pulsar NS200, 199.5cc ni. Ìdajì cc kan lè di ẹjọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀gá kan ò bá tíì jẹun àárọ̀.

Ìkejì: ẹ mú ẹni náà dání lọ síbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ rà á

Èyí ni mi ò ṣe, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ mú ìyàwó yín, ọkọ yín, àbúrò yín, ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó máa jókòó sẹ́yìn, kẹ́ ẹ jọ lọ. Kó wọ bàtà tó máa ń wọ̀ jáde lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gùn ún. Ṣé àtẹ́lẹsẹ̀ yín méjèèjì kalẹ̀? Tó bá jẹ́ pé ọmọ ìka nìkan ló ń kan ilẹ̀, ẹ máa rí i gbé nígbà tẹ́ ẹ bá dá wà, ẹ ò ní rí i gbé nígbà tẹ́ ẹ bá di méjì. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kejì gùn ún, kẹ́ ẹ sì jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ bi í ní ìbéèrè: ibo ló gbé ẹsẹ̀ lé? Ibo ló fọwọ́ mú? Ṣé orúnkún rẹ̀ ò ga ju ìbàdí lọ? Irin ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀, kó dúró sójú kan, kó má jẹ́ pé eegun tó so táyà ẹ̀yìn mọ́ ara ni wọ́n jó o mọ́. Irin ìdìmú sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn séètì.

Níbi àyẹ̀wò yìí ni ọ̀pọ̀ páwà-báìkì tòkunbọ̀ tó ń dán yanran ti máa já. Séètì ẹ̀yìn Yamaha R6 ò ju àwo ọbẹ̀ lọ. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ máa ká orúnkún bí ọ̀pọ̀lọ́. Hayabusa, 1,340cc, ó wúwo ju 260 kílò lọ kẹ́ ẹ tó gbé ìdí lé e. Mo mọ ìdí táwọn ọ̀dọ́ fi fẹ́ràn rẹ̀. Kì í ṣe máṣíìnì àkọ́kọ́, a ò sì ní jiyàn lé e.

Tèmi, láàárín 200 sí 300 ló ti dáa kéèyàn bẹ̀rẹ̀: èyí téèyàn ń jókòó ṣánṣán lórí rẹ̀, tí séètì rẹ̀ gùn tó sì tẹ́jú. Qlink X-Ranger 200 pọ̀ nígboro, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ga, kí ẹni tó kúrú dán an wò dáadáa. Kawasaki Ninja 300, tó jẹ́ 296cc, ò le jù fún akẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ séètì ẹ̀yìn rẹ̀ kéré. Honda CB500, 471cc, ni mo rò pé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró lé.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń tà á bá yín mú mẹkáníìkì wá. Kó tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fọwọ́ kàn án. Tó bá ti gbóná, ó ti dáná sí i kẹ́ ẹ tó dé, torí ó mọ̀ pé tó bá tutù, kì í gbọ́. Ẹ wo ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì bóyá epo ń jò níbẹ̀. Ẹ gbé e sórí dọ́bù sítáǹdì, kí ẹnì kan tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kí táyà iwájú gbéra, kẹ́ ẹ wá yí ọwọ́ rẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún díẹ̀díẹ̀. Tó bá ń há láàárín, bíárínì orí rẹ̀ ti jẹ. Lára táyà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí, kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀. 2319 ni pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Eyín rẹ̀ lè ga bíi ti tuntun, rọ́bà tó ti gbẹ ò ní di títì mú lọ́jọ́ òjò. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin lọ́rùn máṣíìnì sì gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu, kí ọ̀kan má yàtọ̀.

Ìkẹta: ìwé

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MVAA, ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà, ẹ ra ìnṣọ́ránsì tí òfin ní ká ní (láti oṣù kìíní ọdún 2023, 3,000 náírà ni ti máṣíìnì), kẹ́ ẹ sì gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tó ní ẹ̀ka A. Ẹ̀ka B tẹ́ ẹ fi ń wa mọ́tò ò bo máṣíìnì. Ẹni tí ò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún, kó ṣì fara balẹ̀.

Ìkẹrin: ẹ dá gùn ún ná

Oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, kí òjò sì wà nínú rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni mo fi kọ́ tèmi, ní àwọn òpópónà inú Akọkà tí kò sí ọkọ̀. Kẹ́ ẹ mọ bá a ṣe ń dúró ṣinṣin tí ẹsẹ̀ ò ní gbọ̀n, kẹ́ ẹ mọ bá a ṣe ń yí po nínú àyè kékeré láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀, kẹ́ ẹ mọ bá a ṣe ń gbéra lórí òkè láìyí padà sẹ́yìn. Tí ọwọ́ yín bá ṣì ń wá jíà, ẹ má tíì gbé ẹnikẹ́ni.

Mo ti rí ẹni tó so àpò ìrẹsì mọ́ ẹ̀yìn láti fi dánra wò. Ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ìrẹsì kì í yí wo ọ̀rẹ́ tó ń ta ẹ̀pà. Ẹni àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa gbé, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹni tóun náà mọ máṣíìnì í gùn. Bẹ́ ẹ bá ṣì í, òun ló máa mọ bó ṣe yẹ kóun jókòó, á sì sọ òótọ́ fún yín tẹ́ ẹ bá dé.

Ìkarùn-ún: akoto méjì, àti ọ̀rọ̀ irun

Nígbà tí àwọn Road Safety bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú àwọn ọlọ́kadà de akoto ní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn kan lókè Ọya ń de igbá jáde. Àwọn èrò kan sì kọ̀ jálẹ̀ láti de èyí tí ọlọ́kadà bá gbé fún wọn, wọ́n ní wọn ò mọ ohun tó fi sínú rẹ̀. A rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Títí dòní, ohun tí mò ń rí ní Ojúẹlẹ́gbà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: akoto wà lórí, okùn rẹ̀ ń fì lábẹ́ àgbọ̀n. Akoto tí wọn ò de okùn rẹ̀, igbá náà ni.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ti àtàǹpàkò bọ inú rẹ̀. Fóòmù líle bí èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ aṣọ inú. Tó bá jẹ́ ike lásán lẹ kàn, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ wá àmì E tí wọ́n fi òbíríkítí yí ká, pẹ̀lú 22.05 tàbí 22.06. Kí ẹni tó máa dé e dé e, kó so okùn, kó mi orí. Kí awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa bá a lọ. Ẹ wá ti ìpàkọ́ rẹ̀ síwájú. Tó bá bọ́, ó ti tóbi jù.

Fún àwọn obìnrin, irun tó máa ń wà lórí ni kí wọ́n fi wọn akoto, kì í ṣe irun tí wọ́n tú sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n lọ rà á. Ṣùkú ò lè gba abẹ́ akoto. Ìyàwó mi ti gbìyànjú ẹ̀, akoto jókòó sórí òṣùṣù irun bí ìdérí ìkòkò tí ọbẹ̀ ń ru. Kólẹ́sẹ̀ ló ń dì báyìí lọ́sẹ̀ tá a bá máa jáde, ó máa ń lọ sẹ́yìn pẹlẹbẹ. Gèlè á wà nínú báàgì. Iwájú ilé òde ló ti máa wé e. Ìró àti agbádá náà, inú báàgì ni. Ṣéènì ò mọ̀ pé lééṣì olówó ńlá ni. Ṣòkòtò àti bàtà tó bo ọmọ ìka ni ká fi gun máṣíìnì.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ká gbé. Aboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá, ìyá tó pọnmọ sẹ́yìn: òfin 2012 yẹn ní kẹ́nikẹ́ni má gbé wọn, òfin ì bá má sì sọ ọ́, mi ò ní gbé wọn.

Ìkẹfà: ẹ tún máṣíìnì ṣe fún ẹni méjì

Ní òwúrọ̀ kó tó gbóná, ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà. Nínú ìwé Boxer tí mo fi bẹ̀rẹ̀, iwájú jẹ́ 25 psi, ẹ̀yìn jẹ́ 28 fún ẹnì kan, 32 fún ẹni méjì. Ẹ wo ti yín nínú ìwé tirẹ̀, kẹ́ ẹ sì dúró ti fọkanáísà bó ṣe ń fún un. Ọ̀pọ̀ wọn á máa fún un lọ títí á fi le bí òkúta. Inú ìwé kan náà lẹ ti máa rí ìwúwo tí máṣíìnì lè gbé. Ẹ ṣírò ara yín, ara ẹnì kejì àti báàgì pọ̀.

Ní ìdí sípíríìnì ẹ̀yìn, òrùka kan wà tó ní igun igun. Ẹ yí i sókè kí ṣọ́ọ̀kì le díẹ̀. Bẹ́ ẹ ò bá ṣe é, ìdí máṣíìnì á lọlẹ̀, iná iwájú á máa wo ojú ọ̀run. Ẹ̀yìn tí ẹni náà bá ti jókòó ni kẹ́ ẹ tún dígí ṣe, kẹ́ ẹ sì wo ṣéènì nígbà yẹn náà: èyí tó le jù á tún fà sí i tí ìwúwo bá dé.

Ìkeje: ẹ bá ẹni náà sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó tan iná

Kó má gùn ún àfi tẹ́ ẹ bá ní "ó yá". Ẹ ti máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, ẹ ti máa di bíréèkì iwájú mú. Apá òsì ni kó ti gùn ún, apá òsì náà ni kó ti sọ̀kalẹ̀, nítorí ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà máa ń wà lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì. Ẹ wo ojúgun ọ̀tún àwọn ará Èkó tó ti gun ọ̀kadà pẹ́, ẹ máa rí àpá roboto kan níbẹ̀, dúdú, tó ń dán. Èmi náà ní tèmi. Tó bá jó ẹnikẹ́ni, omi tútù tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ fi sí i fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi ẹ̀kọ, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín, ẹ má fi epo ẹ́ńjìnnì.

Tá a bá dúró, kó má gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí irin ìtẹ̀sẹ̀. Ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, tèmi ni. Tá a bá ń yí sí ọ̀tún, kó wo iwájú láti orí èjìká ọ̀tún mi. Ara rẹ̀ á tẹ̀ lé ojú rẹ̀, kò ní máa fà mí sẹ́yìn. Kó fi ọwọ́ kan mú ìbàdí mi, kó fi èkejì di irin ìdìmú mú. Tó bá fẹ́ kí ọ̀rẹ́, kó kàn mí léjìká lẹ́ẹ̀mejì, màá wá ibi dúró. Ẹ̀ẹ̀kan túmọ̀ sí "ẹ rọra". Ariwo Èkó ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ má gbára lé e.

Ìkẹjọ: ìrìn àkọ́kọ́

Ọjọ́ Àìkú, aago méje àárọ̀, kó má ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Èmi gba Carter Bridge, mo já sí Ìdúmọ̀tà tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ò tíì ṣí, mo gba Marina padà. Third Mainland, 11.8 kìlómítà, kò síbi téèyàn lè yà sí tí ẹni ẹ̀yìn bá ní iṣan ẹsẹ̀ ti di òun. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà á sì máa ti yín láti ẹ̀gbẹ́, irin àwọn oríkèé afárá á máa gba táyà. Ó di ìrìn kẹwàá kẹ́ ẹ tó gbà á.

Máṣíìnì tó gbé ẹni méjì kì í tètè dúró. Lórí eré 60, ẹ ti máa rin nǹkan bíi mítà mẹ́tàdínlógún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ọwọ́ tiẹ̀ tó dé orí bíréèkì. Nítorí náà, ẹ fi àyè sílẹ̀ ní ìlọ́po méjì èyí tẹ́ ẹ máa ń fi sílẹ̀. Bíréèkì méjèèjì ni kẹ́ ẹ jọ rọra fún. Bẹ́ ẹ bá fún un lójijì, akoto rẹ̀ á gbá tiyín kò, ẹ sì máa gbọ́ ọ títí dé ilé. Ẹ má gba àárín dánfó àti etí títì. Apá ọ̀tún yẹn ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà, èrò lè fò jáde nígbàkugbà, dánfó tó ń rìn ni mò ń sọ. Ọ̀nà BRT kì í ṣe tiyín, kódà kó ṣófo.

Bí ojú ọ̀run bá ṣú, ẹ sọ ẹni ẹ̀yìn kalẹ̀ níbùdókọ̀, kó wọ bọ́ọ̀sì. Ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gan-an ló burú jù, torí gbogbo epo tí ọkọ̀ ti jò sílẹ̀ á léfòó sójú títì.

Tẹ́ ẹ bá padà dé, ẹ má bi í bóyá ó gbádùn ẹ̀. Ẹ bi í ibi tó ń dùn ún. Ìyàwó mi ní ìdí ni, àti pé òun ń yọ̀ wá síwájú ní gbogbo ìgbà tí mo bá fún bíréèkì. Lọ́jọ́ Ajé, mo tú séètì, mo gbé e lọ fún aránṣọ séètì kan ní Òyìngbò, mo ní kó fi fóòmù sí i níwájú apá ẹ̀yìn kó lè ga díẹ̀, kó sì fi awọ tí kì í yọ̀ bò ó. Ọjọ́ méjì ló fi ṣe é.